Ọ̀dà Lórí Irin Ìsunran

Iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ni ọkùnrin yìí ń ṣe, àdúgbò sì ń pè é ní Mo-mọ̀-ọ́n-tán. Ẹ bi í bí wọ́n ṣe ń tọ́jú eyín ẹṣin, á dá yín lóhùn. Ògiri tó kùn ń bó bí awọ ejò, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò bó.

Orúnkún rẹ̀ sì ti kọ àkàbà. Ìdí nìyẹn tó fi fò sókè nígbà tí Ìyá Onílé ní òun ń wá ẹni tí yóò máa ta oúnjẹ lábẹ́ àtíbàbà iwájú ilé. Ó ní òun á kọ́kọ́ tọ́ oúnjẹ náà wò ní ọ̀sán Sátidé. Bí Mo-mọ̀-ọ́n-tán ò bá rí ibẹ̀ gbà, orí àkàbà ló ń padà sí.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, èròjà rẹ̀ dáa. Láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ló ti rẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sínú áyù, atalẹ̀, oyin àti omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ń to kùkúńbà àti tòmátì tí yóò gé lọ́jọ́ kejì.

"Kí nìyẹn?"

"Ẹran yìí lọ́ràá. Ẹ jẹ́ kó rí nǹkan tútù tẹ̀ lé e."

"Oúnjẹ ewúrẹ́!"

"Ẹ ṣeun, ọkọ ewúrẹ́."

Ó pòṣé, ó yíjú sí irin ìsunran tó ti dúdú. Ojú ló kọ́kọ́ ń jẹun, àbí? Ló bá gbé ọ̀dà fàdákà tó ṣẹ́ kù nígbà tó kun géètì ẹnìkan, ó fi kun irin náà, ó wá ń wò ó bí ìyàwó ojú ọ̀nà.

"Ṣé ọ̀dà ò ní wọnú ẹran?"

"Ta ni akunlé nínú àwa méjèèjì?"

Ẹran tí a fi ẹnu sun kì í jóná. Ní ọ̀sán Sátidé, Ìyá Onílé jókòó, iná ràn. Òórùn oyin kọ́kọ́ jáde, imú gbogbo ilé nà. Ọ̀dà wá jí. Ó ń hó, ó ń lé ròrò, èéfín rẹ̀ ń ta ojú. Nígbà tí wọ́n yí ẹran padà, ó ti nílà fàdákà gbọọrọ-gbọọrọ.

"Akunlé," Ìyá Onílé wúkọ́, "ṣé ẹran lò ń sun ni àbí géètì?"

"Èéfín lásán ni, Mà. Ẹ tọ́ ọ wò."

"Ìwọ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Ó wo ẹran, ẹran náà wò ó. Ó rọra sún sẹ́yìn kúrò nídìí iná.

Ìyàwó rẹ̀ dìde. Ó da èédú tuntun sínú agbada mìíràn, ó fi igi tín-ín-rín gún ẹran tó ṣẹ́ kù nínú èròjà, ó sì sun ún. Ó gé kùkúńbà àti tòmátì náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyá Onílé jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka.

"Ìyàwó, ìwọ ni mo gbé àtíbàbà fún. Bó bá wù ọ́, gba ọkọ rẹ síṣẹ́."

Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀ tòkè-délẹ̀. "Ẹ ó máa fẹ́ná. Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan mìíràn."

Mo-mọ̀-ọ́n-tán ò tiẹ̀ gbọ́ ọ parí. Ó ti gba abẹ̀bẹ̀, ó ti ń kọ́ àwọn aládùúgbò bí wọ́n ṣe ń fẹ́ná.