Lẹ́ǹsì Gígùn Tí Mo Mú ní Ifo

Òórùn kẹrosíìnì ló máa ń jí mi ní Ibafo. Kí n tó lajú tán, Mọ́mì á ti pa sítóòfù, wọ́n á ti bọ́ sójú títì láti wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ wọn ní Èkó. Èmi nìkan ni mò ń jẹ oúnjẹ tí wọ́n bá dé sílẹ̀. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, èmi nìkan náà ni mò ń ṣílẹ̀kùn.

Bàbá mi ti kú. Kámẹ́rà àtijọ́ kan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi, kò sì ní lẹ́ǹsì. Irú kámẹ́rà tó jẹ́ pé ohun téèyàn ń wò nínú rẹ̀ á di méjì, a ó wá máa fọwọ́ yí lẹ́ǹsì títí méjèèjì á fi di ọ̀kan.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, Mọ́mì mú mi lọ bá Bàbá Ṣẹ̀yẹ ní Ifo, fọtógíráfà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá mi. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n gbé lẹ́ǹsì méjì sórí tábìlì, wọ́n ní kí n mú ọ̀kan. Èyí tó kúrú ń gba gbogbo yàrá sínú fọ́tò kan. Èyí tó gùn ń fa ohun tó jìnnà wá sítòsí.

"Kúkúrú yìí ni bàbá ẹ fẹ́ràn," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n wàá ní láti sún mọ́ èèyàn dáadáa."

Mọ́mì ní kí n mú un, wọ́n ní, "Ojú lọ̀rọ̀ wà." Mo mú èyí tó gùn. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tí mo lè sún mọ́ nílé.

Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni mo ti ń ya àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ lódìkejì títì. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mò ń wo òun.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Mọ́mì wọ àdìrẹ tuntun, wọ́n ní kí n ya àwọn láti orí dé ẹsẹ̀. Òjò ń rọ̀ níta, yàrá kan ṣoṣo la sì ní. Mo sún sẹ́yìn títí mo fi kan ògiri.

"Mọ́mì, ojú yín nìkan ló wọnú fọ́tò."

Wọ́n ní, "Kò burú. Ó dọjọ́ mìíràn." Wọ́n bọ́ aṣọ náà, wọ́n ká a. Wọn ò béèrè mọ́, èmi náà ò sì rán wọn létí.

Arepo ni mò ń gbé báyìí, fọ́tò yíyà niṣẹ́ mi. Mo ti ní lẹ́ǹsì kúkúrú, mo sì ń sún mọ́ ọmọ ọlọ́mọ débi tí mo fi ń gbọ́ èémí wọn. Mọ́mì kì í lọ sí Èkó mọ́. Àwọn nìkan ló ń wà nílé ní Ibafo látàárọ̀ dalẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí mo jẹ́ nígbà yẹn fẹ́ ya ìyá rẹ̀, kò ráyè sún sẹ́yìn. Èmi ní àyè, mo ní ọkọ̀, ọ̀nà náà kò sì jìn. Mi ò tíì lọ.