Ilé Àwo Kò Yé Mi

Bí irọ́ ẹyọ kan bá wà nínú ìtàn yìí, kí gbogbo rédíò tí mo bá tún ṣe láti òní lọ yadi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ìbúra ńlá nìyẹn. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́. Ojú lásán ni mo fi kọ́ ọ, mo sì mọ̀ ọ́n ju àwọn tó fi ìwé kọ́ ọ lọ. Mo tún rédíò kan ṣe rí, ìròyìn ọ̀la ló ń kà. Ẹni tó ni ín ló dá a padà, ó ní òun ò fẹ́ mọ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn ara mi kọ́ nìyí. Ìtàn obìnrin tó gba yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ni. Ó ní ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin àwọn ọ̀dọ́ jáde: orin ráàpù, àti irú orin tí ẹnikẹ́ni ò lu nǹkan kan nínú rẹ̀, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Àwo dúdú pẹlẹbẹ tí abẹ́rẹ́ ń rìn lórí rẹ̀ ló ń gbé wọn sí. Àǹtí Aláwo là ń pè é. Kò sí ọ̀gá lókè rẹ̀, kò sí ọmọṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Òun ló gé fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀dì lẹ̀ mọ́ ògiri kí ariwo má baà jáde, òun náà ló ń di àwo sínú páálí, tó ń gbé e léjìká lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìyá àgbà tó ń gbé lókè wa kọ́kọ́ kọ̀, kò kí i, torí ó gbọ́ pé ilé awo ni. Èmi ni mo là á yé e.

"Ìyá, àwo ni, kì í ṣe awo."

Ó ní, "Èwo nínú méjèèjì ló wá ń dún gbì, gbì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi?"

Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí Àǹtí ni orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ti wá. Nígbà tó gbé orin àkọ́kọ́ fún ìyá rẹ̀ gbọ́, ó bi í pé báwo ló ṣe rí. Ìyá ní, "Kò yé mi." Ó fi sọ ilé-iṣẹ́ lórúkọ. Èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ bá ẹni tí yóò máa tẹ bébà róbótó tó ń wà láàárín àwo. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ wà, Atẹ̀wé Abẹ́ Àtẹ̀gùn là ń pè é.

"Kí lorúkọ ilé-iṣẹ́ yín?"

"Kò Yé Mi."

"Mo ní, orúkọ wo lẹ fẹ́ kí n tẹ̀?"

"Kò Yé Mi ni, bọ̀dá."

Ó yíjú sí mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi í. Ó jọ pé èdè mi ló le."

Ọ̀rọ̀ tó wá dojú rú mọ́ wa lọ́wọ́ ni ti àbúrò Àǹtí. Ẹnu Ẹ̀rọ lorúkọ tó fi ń kọrin, torí ẹnu rẹ̀ yá bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Oyún rẹ̀ wà nínú ìyá wọn nígbà tí bàbá wọn kú. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí, ọjọ́ pẹ́ tó ti ń retí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá a tẹ àwo tẹ ẹyọ kan ṣoṣo wá kí Àǹtí kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó fi bébà róbótó ránṣẹ́, wọn yóò tẹ ìyókù.

Èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ àwo ṣe. Àwọn ẹlẹ́nu ní mo dorí bọ́tìnnì tó ń yan eré tí àwo máa sá kodò, tí àwo tó yẹ kó sáré fi ń falẹ̀. Ọlọ́gbọ́n kì í dorí nǹkan kodò lásán.

Èmi àti Ẹnu Ẹ̀rọ wà níbẹ̀ nígbà tí Àǹtí gbé abẹ́rẹ́ lé àwo náà. Ohùn tó jáde kì í ṣe ti Ẹnu Ẹ̀rọ. Ó rinlẹ̀, ó ń falẹ̀, bí ọkùnrin tó ti yó tí kò ní ibi tó ń lọ. Ìyá wọn tó ń bá Àǹtí gbé, tó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù nínú ilé, jáde sí ẹnu ọ̀nà, òwú ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló ṣílẹ̀kùn fún bàbá yín?"

Ẹnu Ẹ̀rọ ní, "Màámi, èmi ni."

"Ìwọ kọ́."

"Èmi ni mo kọ ọ́, èmi ni mo sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ mi nìyẹn."

"Ọ̀rọ̀ ẹ ni. Ohùn ọkọ mi ni." Ó jókòó. "Ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Kì í fẹ́ kí wọ́n já lu ọ̀rọ̀ òun."

Mo mọ bàbá náà dáadáa. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí ẹ pé ẹ káàárọ̀, oòrùn á ti kan àtàrí kó tó parí ẹ̀. Ohùn rẹ̀ gan-an ni. Àǹtí yí bọ́tìnnì, àwo sáré, Ẹnu Ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀. Ìyá ní, "Bàbá yín dà?" Àǹtí yí i padà. Ìyá ní, "Ẹ káàbọ̀."

Ẹnu Ẹ̀rọ fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. "Àǹtí, èwo lẹ máa gbé jáde?"

"Jẹ́ kí n rò ó."

"Kí lẹ ń rò? Ẹ̀yin mọ bàbá wa. Èmi ò gbọ́ ohùn ẹ̀ rí. Ọjọ́ tí èmi náà fẹ́ sọ̀rọ̀ ló wá gba ẹ̀rọ lẹ́nu mi. Tó bá jẹ́ èyí tó ń falẹ̀ ni, ẹ yọ orúkọ mi kúrò."

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo gba ojú fèrèsé rí Ẹnu Ẹ̀rọ nìkan nínú yàrá Àǹtí. Ó ti dá àwo náà padà sí ìfàlẹ̀, ó fi etí lé sípíkà, ètè rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Mi ò bi í, kò sì mọ̀ pé mo rí òun.

Àǹtí bi mí léèrè. Láàárọ̀ mo ní kó gbé èyí tó ń sáré, lọ́sàn-án mo ní kó gbé èyí tó ń falẹ̀, ìmọ̀ràn méjèèjì sì dára púpọ̀. Ó bi ìyá rẹ̀.

"Ọ̀kan ọkọ mi, ọ̀kan ọmọ mi. Ìwọ bá mi yan èyí tí n máa lé síta."

Ibi tó dúró sí nìyẹn, tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, tí Atẹ̀wé fi pè é lórí fóònù. Bébà gbọ́dọ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Ó kù kó kọ eré tí àwo náà yóò máa sá, kí ẹni tó bá rà á lè mọ bí yóò ṣe yí i.

"Eré wo ni kí n kọ, Àǹtí?"

Àǹtí sọ òótọ́ inú rẹ̀. "Kò yé mi."

Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, a sá. Atẹ̀wé ò jiyàn. Ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí bébà dé, KÒ YÉ MI wà lókè, Ẹnu Ẹ̀rọ wà láàárín, níbi tó yẹ kí eré wà nísàlẹ̀, KÒ YÉ MI.

Àǹtí fẹ́ dá a padà. Ẹnu Ẹ̀rọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó títí.

"Orúkọ mi wà níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀."

"Wọn ò kọ eré."

"Wọn ò kọ ọ́."

"Á jẹ́ pé ẹni tó bá wá mi á rí mi." Ó fi ìka nu bébà náà. "Ẹni tó bá wá bàbá náà… Ẹ má jẹ́ kó tún un tẹ̀."

Bí àwo náà ṣe jáde nìyẹn. Títí dòní làwọn tó rà á ń pe Àǹtí, wọ́n ń bèèrè eré tó tọ̀nà. Bó bá ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún wọn, wọ́n á ní ohun tí kò yé àwọn náà nìyẹn. Ìyá wọn ní àwo tiẹ̀. Ó ń gbọ́ ọmọ láàárọ̀, ó ń gbọ́ ọkọ nírọ̀lẹ́, nígbà mìíràn a sì máa bá ọ̀kan wí fún ẹ̀ṣẹ̀ èkejì.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, Atẹ̀wé Abẹ́ Àtẹ̀gùn ṣì wà láàyè, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì ṣì wà níbẹ̀. Ẹ bi í lórúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Bó bá dá yín lóhùn pé kò yé òun, ẹ̀rí ló jẹ́ fún mi yẹn.