Omi Kànga Ilé Wa

Wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò tíì fi ẹ̀rọ wo omi kànga agbo ilé tí mo gbé ní Ìrẹmọ, nílùú Ifẹ̀.

Àárín àwọn ọdún 1990 ni. Ọkọ mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti bá iṣẹ́ lọ sí Saudi, ó fi mí sílẹ̀ nínú yàrá àti pálọ̀ tí a háyà lọ́wọ́ àwọn onílé náà. Ó ní òun á ránṣẹ́ pè mí. Ṣakí tí mo ti wá jìn, mo sì ti ń ṣe tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nílùú, nítorí náà mo dúró. Àga méjì ló wà ní pálọ̀ mi. Mo ń jókòó sórí ọ̀kan, mo ń nu eruku orí èkejì.

Àwọn ará ilé náà kò ṣìkà sí mi o. Wọ́n ń kí mi dáadáa: "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Tíṣà, ẹ káàbọ̀." Kíkí náà kì í kọjá ẹnu ọ̀nà mi. Bí àwọn ìyàwó ilé bá pé sídìí kànga lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ohùn Ifẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, wéréwéré, ẹ̀rín a sì bú. Kí n tó gbọ́ ìdajì rẹ̀, wọ́n á ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Èmi náà a rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀: kí ẹnì kan péré nínú ilé yẹn kà mí mọ́ wọn.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí yunifásítì ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ wa pé àwọn fẹ́ ṣe ọjọ́ sáyẹ́ǹsì ní Sátidé fún gbogbo ará ìlú, tọmọdé tàgbà. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan bu omi kànga wọn wá nínú ìgò. Wọ́n á fi maikirosikóòpù, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tíntìnnì di ńlá, wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé, mo sọ ọ́ fún ìyáálé, ìyàwó tó dàgbà jù nínú ilé, tí àwọn yòókù kì í kọjá àṣẹ rẹ̀.

"Ẹ ṣé, tíṣà," ó ní. "A ó lọ."

Mo gbọ́ "a ó lọ" yẹn, mo ka ara mi kún un. Láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti lọ aṣọ mi sílẹ̀.

Nígbà tí mo jáde láàárọ̀ Sátidé, agbo ilé ti dákẹ́. Wọ́n ti wọ ọkọ̀ lọ. Inú bí mi, n kò ní purọ́. Mo fa omi díẹ̀, mo rọ ọ́ sínú ìgò, mo dá lọ. Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń júwe ọ̀nà fáwọn èèyàn bi mí pé, "Àwọn ará ilé yín ńkọ́, mà?" Ẹnìkan kì í jẹ́ àwa dé. Mo ní wọ́n ti wọlé.

Inú gbọ̀ngàn kún. Àwọn ọmọdé ń fi bátìrì tan gílóòbù, ariwo wọn gba gbogbo ilé. Bàbá kan ń fi awò ìràwọ̀ wá òṣùpá lọ́sàn-án gangan. Nídìí tábìlì omi, olùkọ́ obìnrin kan nínú kóòtù funfun ń yẹ ìgò wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò rí nǹkan kan. Ó nu ojú ẹ̀rọ, ó tún wò.

"Omi Ifẹ̀ mà mọ́ o," ó ní, ṣùgbọ́n ó jọ pé kò gbà á gbọ́. Àwọn ìyá láti àdúgbò gbogbo ń tún gèlè wé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó wá kan tèmi.

"Áà! Ẹ wá wò ó! Wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́!"

Mo bojú wò ó. Lóòótọ́, àwọn nǹkan kéékèèké onírù ń yí gbiri níbẹ̀. "Kànga ibo lèyí?" olùkọ́ náà bèèrè, inú rẹ̀ ń dùn.

Mo la ẹnu láti dáhùn. Ìyáálé wà ní òdìkejì tábìlì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yin ìgò tirẹ̀ tán ni, kànga kan náà ló sì ti wá. Ó wò mí, kò ṣẹ́jú. Ìgbà yẹn ni mo rántí ìkòkò ńlá tó wà nídìí kànga lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, álọ́ọ̀mù tó ń mú ìdọ̀tí omi rọlẹ̀, tí ìyáálé ń rò sínú rẹ̀, aṣọ funfun tí wọ́n fi sẹ́ ẹ. Mo ti rò pé omi mímu ni. Ta ló máa gbé ìdọ̀tí ilé rẹ̀ lọ sójú àwọn ará àdúgbò Mọ̀ọ́rẹ̀? Bí a bá ń gbé ọmọ lọ sóde, ṣebí a máa ń wẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìlú ló ti wẹ omi wọn wá. Èmi nìkan ni n kò mọ̀, nítorí pé kò sẹ́ni tó bá mi sọ ọ́.

"Ìgò mi ni, mà," mo ní. "N kò fọ̀ ọ́ dáadáa. Èmi nìkan ni mò ń gbé."

Obìnrin kan sọ lẹ́yìn mi pé, "Obìnrin tó ń dá gbé, tí kò ráyè fọ ìgò kan! Kí ló wá ń fi ojúmọ́ ṣe?" Ẹ̀rín bú. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo dá padà sílé, mo sì sunkún lójú ọ̀nà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí mo ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ẹrẹ̀ dúdú ti kún ẹ̀gbẹ́ kànga. Wọ́n ti gbọ́n ọn gbẹ, wọ́n sì ti fọ inú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún mi. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyáálé gbé garawa omi tuntun wá, ó kọjá ẹnu ọ̀nà, ó fa àga kejì kúrò nídìí ògiri, ó jókòó.

"Omi yẹn la fi ń po ògì fáwọn ọmọ," ó ní. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọkọ rẹ ti ránṣẹ́?"

"Rárá, mà."

"O kú ìrọ́jú, ìyàwó."

A jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, ó dìde, ó lọ.

Kò tún wọlé mọ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Kíkí ẹnu ọ̀nà la padà sí. Ṣùgbọ́n ibi tí ó fa àga yẹn sí, láàárín pálọ̀, ibẹ̀ ni mo fi í sí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mò ń gbà kọjá títí mo fi kó kúrò nílé náà.