Ìbọ̀wọ́ Lavji Aránṣọ

Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí eyín mẹ́ta tó ṣẹ́kù lẹ́nu mi bọ́ sínú tíì tí mò ń mu lọ́wọ́. Òdodo ni látòkè délẹ̀. Ṣebí àdúgbò kan náà lèmi àti Lavjibhai jọ ń gbé ní Bhavnagar, ní ilẹ̀ Íńdíà, ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàárín.

Aránṣọ ni Lavji, ṣùgbọ́n aṣọ kọ́ ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká. Káìtì ni. Lọ́jọ́ Uttarayan, ọdún káìtì, nígbà tí gbogbo ìlú bá gun òrùlé, tí bébà aláràbarà bo ojú ọ̀run, tí oníkálukú sì ń wá okùn ẹni tí yóò gé, okùn Lavji ni ikú okùn. Fúnra rẹ̀ ló ń gún ìgò kúnná bí elùbọ́, tó ń pò ó mọ́ ẹ̀kọ ìrẹsì, tó ń fi àwọ̀ pupa bí osùn sí i, tó sì ń fi ọwọ́ lásán pa á mọ́ okùn náà lára. Kò sí ẹlòmíì tó ń lo àwọ̀ yẹn ní gbogbo ìlú.

Wàyí o, Hetal ọmọ rẹ̀ rí ọkọ. Manharbhai tó ń ta aṣọ sari ni bàbá ọmọkùnrin náà, òun kan náà sì ni olórí ẹgbẹ́ àwọn tó máa ń lọ wo ẹyẹ. Ó kórìíra okùn onígò bí ẹni kórìíra ejò, nítorí ọdọọdún ló ń gé apá ẹyẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá wo Hetal, ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀, ó ní:

"Ilé tí wọ́n bá ti ń fi ìgò pa okùn, ọmọ mi ò ní fẹ́ ìyàwó níbẹ̀."

Kí Lavji tó la ẹnu, Kokilaben ìyàwó rẹ̀ ti gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ọkọ tèmi kẹ̀? Kò mọ orí káìtì yàtọ̀ sí ìrù rẹ̀! Ẹyẹ nìkan ló fẹ́ràn."

Ojú Manharbhai tàn. "Ẹyẹ? Ó parí nìyẹn! Ẹ óò bá wa lọ sí pápá koríko Bhal. Ọjọ́ Uttarayan gan-an la máa ń lọ."

Báyìí ni ìlẹ̀kùn ṣe tì mọ́ Lavji.

Bẹ́ẹ̀ ló ti pa okùn ọdún náà tán o. Ó tilẹ̀ ti dán an wò lórí òrùlé, tí Bachubhai, ọ̀tá rẹ̀ ní òdìkejì òpópónà, fi gé e, tí atẹ́gùn sì gbé káìtì òun okùn lọ ráúráú. Ohun tó ṣẹ́kù ni ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, pupa fòò, pẹ̀lú ojú ọgbẹ́ tínínrín lórí ìka ìfábẹ̀lá. Ọṣẹ kò bọ́ ọ, kerosíìnì kò bọ́ ọ. Kokilaben ra ìbọ̀wọ́ onírun àgùntàn fún un.

"Bàbá Hetal, bí ẹ bá bọ́ ọ, ẹ ti bọ́ aṣọ ìyàwó lára ọmọ yín."

Bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ ń lọ ní ìdájí ọjọ́ Uttarayan, Bachubhai sì ti wà lórí òrùlé. Ó ké tòò: "Lavji! O ti sá lónìí! Ta ni màá wá máa gé?"

Lavji ki orí bọ abẹ́ ìjókòó. Manharbhai yíjú: "Ta ló ń pè?"

"Ewúrẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni Kokilaben wí.

Inú bọ́ọ̀sì há, wọ́n sì há Lavji sáàárín ìyàwó rẹ̀ àti àna ọ̀la. Ìgbà tí wọ́n dé pápá, ó rò pé òun yóò mí. Koríko pọ́n rẹ́súrẹ́sú títí kan ẹsẹ̀ ọ̀run, kò sí òrùlé, kò sí ògiri, síbẹ̀ túbú ni lójú rẹ̀. Àwọn àwòdì tó ti ọ̀nà jíjìn wá sá fún òtútù ń rá bàbà lórí koríko, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n ń na awò ìwòòkèèrè sí wọn. Atẹ́gùn ni Lavji ń wò. Atẹ́gùn tó gún régé, tí kì í dáwọ́ dúró, atẹ́gùn tí ì bá gbé káìtì dé ẹnu ọ̀nà oṣù. Ìka rẹ̀ ń fò nínú ìbọ̀wọ́.

Ọ̀sán dé, wọ́n ṣí ìkòkò undhiyu. Òórùn iṣu àlùkò àti ọ̀dùnkún tó ti jinná nínú epo gbòde kan.

"Àna, ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ kí ẹ jẹun," ni Manharbhai wí.

"Òtútù ni, àna."

"Nínú oòrùn yìí?"

"Ààwẹ̀ ló ń gbà," ni Kokilaben sọ kíákíá.

Ilaben, opó kan nínú ẹgbẹ́ tó máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ju rotli, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, sẹ́nu. "Ààwẹ̀ lọ́jọ́ undhiyu? Lavjibhai, òrìṣà wo ló rorò tó báyìí? Ẹ pààrọ̀ rẹ̀!"

Lavji gbé itọ́ mì.

Ìrọ̀lẹ́ ń bọ̀ nígbà tí ẹnìkan pariwo. Àwòdì kan ni, ó sorí kodò lára igi ẹ̀gún, apá rẹ̀ kan nà tàntàn, okùn wé mọ́ ọn. Okùn pupa bí osùn. Okùn Lavji tí atẹ́gùn gbé lọ ni! Manharbhai sáré débẹ̀, ó di okùn náà mú, ó fẹ́ fà á.

"Ẹ má fà á!" Ẹnu Lavji ló sọ ọ́, kì í ṣe òun. "Bí ẹ bá fà á, yóò gé apá náà dé egungun!"

Manharbhai yíjú sí i díẹ̀díẹ̀. "Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Kokilaben ń mi orí sí ọkọ rẹ̀: rárá, rárá. Ẹyẹ náà wo Lavji pẹ̀lú ojú yẹ́lò kan, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì. Lójú inú, Lavji rí Hetal nínú aṣọ ìyàwó pupa rẹ̀. Ó gbìyànjú láti fi ìbọ̀wọ́ tú u, irun àgùntàn kọ́ ẹ̀gún. Ó wá bọ́ méjèèjì jù sílẹ̀.

Ó tú u ní wíwé kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń tú irun ọmọdé, kò fà á rárá. Nígbà tí ó tú u tán, ó gbé ẹyẹ náà sókè lórí àtẹ́lẹwọ́ pupa méjì. Àwòdì náà gbéra, ó yí lókè wọn lẹ́ẹ̀kan bí ẹni ń dúpẹ́, ó lọ.

Manharbhai mú okùn náà, ó fi àwọ̀ rẹ̀ wé ti ọwọ́ Lavji. "Ìkòkò kan náà lẹ fi pa àwọn méjèèjì láró."

"Ìkòkò mi ni, àna. Ẹ má fìyà jẹ ọmọ mi."

Manharbhai yíjú, ó wọ inú bọ́ọ̀sì. Wọ́n ti rìn jìnnà lójú ọ̀nà. Kokilaben ti fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú tán.

"Irọ́ yẹn dùn mí," ni Manharbhai wí fún Lavji. "Ṣùgbọ́n ẹ lè ti fi ìbọ̀wọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹyẹ kú, kí n má mọ̀ láéláé." Ó gbé undhiyu tútù lé Lavji lórí itan. "Ìgbéyàwó kò yẹ̀. Àmọ́ ní gbogbo Uttarayan, títí tí ọ̀kan nínú wa yóò fi kú, ẹ óò máa bá mi lọ sí Bhal. Ìjókòó yìí náà ni tiyín."

Lavji fi ìka pupa gé iṣu, ó ń jẹ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ayọ̀ ni tàbí òfò. Nígbà tí wọ́n wọ ìlú, káìtì ṣì kún ojú ọ̀run. Ó jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ọmọ mẹ́ta ni Hetal ti bí báyìí, ìjókòó yẹn ni Lavji sì ń jókòó sí lọ́dọọdún.

Ó dáa, eyín mi ti ń mì: àwòdì yẹn ò yí lókè ẹnikẹ́ni. Tààrà ló lọ, kò dúpẹ́.