Ọfà Inú Kọ̀ǹpútà Ìyá Bọ́tìnì

Bí ẹ bá wọ yàrá Ìyá Bọ́tìnì, ẹ ó kọ́kọ́ rò pé ẹ ṣìnà ni. Ṣòkòtò tó ya nídìí, kóòtù tí ọrùn rẹ̀ ti já, yẹ̀rì tí kò gba ẹni tó ni ín mọ́, gbogbo wọn ló so rọ̀ lára ògiri tí wọ́n ń dúró de abẹ́rẹ́ rẹ̀. Kì í rán aṣọ tuntun. Àtúnṣe ni tirẹ̀, bọ́tìnì ló sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tó ń bọ́ lára aṣọ. Agolo rẹ̀ kún fún un, dúdú, funfun, aláwọ̀ ewé, onígi, onírin. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lábẹ́ fèrèsé. Lórí tábìlì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà wà, ó fi aṣọ funfun bò ó kí eruku má baà bà á.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló rà á fún un. Ọmọ náà ti ń gbé ní òkèèrè pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn kékeré, ó sì ti bẹ ìyá rẹ̀ títí pé kí ó jẹ́ kí òun ra fóònù ńlá tí wọ́n fi ń rí ojú ara ẹni. Ìyá Bọ́tìnì kọ̀ jálẹ̀. Fóònù oníbọ́tìnì ló ń lò, kí lẹ tún fẹ́ kó lò? Kọ̀ǹpútà ló gbà, torí pé ó jókòó sójú kan bí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sì lè bọ́ sínú omi ìfọṣọ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́, kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bí nǹkan bá ti dojú rú níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ ni yóò tẹ̀ láago. Ọmọ á ní, "Ẹ gbé ọwọ́ kúrò, Màmá." Ìyá á gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Láti ọ̀nà jíjìn tó wà, ọmọ á wọ inú kọ̀ǹpútà náà, ọfà kékeré tí máòsì ń darí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀, á ṣí ibí, á ti ọ̀hún. Ṣùgbọ́n kí ó tó ṣe iṣẹ́ kankan, ọfà náà á kọ́kọ́ já láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ pátápátá, á sì nà gbalaja síbẹ̀. Ó ń dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀ ni. Kò ní kúrò níbẹ̀ títí Ìyá Bọ́tìnì á fi sọ lórí fóònù pé, "Dìde, ọmọ mi. Wàá dàgbà, wàá dogbó." Ìgbà yẹn ni ọfà tó ń gbéra. Àgbàlagbà ọkùnrin tó ti níyàwó nílé, tó ń fi ọfà ṣeré! Ẹ̀rín á pa àwọn méjèèjì.

Kò dàgbà, kò dogbó. Ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ wálé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, tó ṣubú lulẹ̀, wọn kò sì rí i jí. Ìyá Bọ́tìnì kò lè dé ibẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà yẹn náà ló ti wo ìsìnkú ọmọ rẹ̀, ó jókòó lórí àga ìránṣọ, ó di etí tábìlì mú. Nígbà tí wọ́n parí, ó fa aṣọ funfun bo kọ̀ǹpútà, ó ní òun kò fẹ́ fojú kàn án mọ́ láéláé.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló mú un ṣí i padà. Ó di pé lọ́sàn-án gbogbo Sátidé, ọmọbìnrin náà á jókòó lọ́hùn-ún, Màmá àgbà á jókòó níbí. Ìyá Bọ́tìnì á da bọ́tìnì sínú àwo, á gbé e síwájú kọ̀ǹpútà, ọmọ á na ìka sí èyí tó fẹ́ kí wọ́n rán mọ́ aṣọ bèbí rẹ̀. Á yan pupa, á yí i padà sí funfun, á tún ní pupa náà ló dára jù. Wákàtí yẹn nìkan ni Ìyá Bọ́tìnì máa ń rẹ́rìn-ín láàárín ọ̀sẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí kọ̀ǹpútà náà ti ń tọrọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gba ètò tuntun sára. Ọmọ rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un nígbà ayé rẹ̀ pé bí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bá yọjú, kó má tẹ nǹkan kan, òun ni yóò bá a yanjú rẹ̀. Kò sì tẹ nǹkan kan, kódà nígbà tí ẹni tó fẹ́ yanjú rẹ̀ kò sí mọ́. Kọ̀ǹpútà dúró títí, ó sú u, ó sì pinnu láti gbà á fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí Ìyá Bọ́tìnì ṣí i láti wo fọ́tò, ojú kọ̀ǹpútà ṣàdédé ṣú, ó tún mọ́lẹ̀, nǹkan róbótó kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí láàárín rẹ̀.

Ẹlòmíì ì bá ti sáré wá ẹni tó máa dá a dúró. Ìyá Bọ́tìnì gbé ọwọ́ kúrò. Ohun tí wọ́n ti fi kọ́ ọ láti ọdún pípẹ́ ni pé bí kọ̀ǹpútà bá ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ọmọ òun ló wà níbẹ̀. Ó mọ̀ pé ọmọ òun ti kú. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀ ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó jókòó jẹ́ẹ́, ó tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà bóyá ọfà máa wá dùbúlẹ̀ síbẹ̀.

Ọfà kò wá. Nígbà tí gbogbo yíyí náà dáwọ́ dúró, àwọ̀ kọ̀ǹpútà ti yí padà, íńtánẹ́ẹ̀tì sì ti lọ.

Obìnrin kan wà ní ìkóríta tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Wáyà kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, àdúgbò sì ń pè é ní Ìyá Wáyà. Kò tíì pẹ́ tó kó dé, kò mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí Ìyá Bọ́tìnì. Ó wá lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá kọ̀ǹpútà wí bí ìgbà tí èèyàn ń bá ọmọ olórí kunkun wí. Ó yọ iná àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó dúró díẹ̀, ó dá a padà. Ó fi fóònù tirẹ̀ wò ó, gbogbo nǹkan ń ṣí. Ó ní a jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀bi àpótí. Ó mú kí kọ̀ǹpútà gbàgbé àpótí náà pátápátá, ó tún wá fi páásìwọ́ọ̀dù so wọ́n pọ̀ padà. Kọ̀ǹpútà ní àwọn ti mọra, ṣùgbọ́n kò ṣí nǹkan kan. Ó bọ́ wáyà kan lọ́rùn, ó fi so kọ̀ǹpútà mọ́ àpótí tààrà. Pàbó. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn, ó ń tẹ̀ síbí, ó ń tẹ̀ sọ́hùn-ún, kò sì bá kọ̀ǹpútà wí mọ́.

"Màmá," ó wí nígbẹ̀yìn, "ta ló máa ń wọ inú kọ̀ǹpútà yìí láti ìta?"

"Ọmọ mi ni."

Ìyá Wáyà ní ọmọ náà mọṣẹ́, kò sì fi ìyá rẹ̀ ṣeré. Ó ṣàlàyé pé ó ti la ọ̀nà kan sínú kọ̀ǹpútà náà, débi pé ohunkóhun tó bá ń jáde láti inú rẹ̀, ọ̀dọ̀ ọmọ ló ń kọ́kọ́ gbà kọjá, kó lè máa ṣọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníjìbìtì. Tẹ́lẹ̀, bí ẹ̀rọ ọmọ náà kò bá sí ní títàn, kọ̀ǹpútà á kàn yà gba ọ̀nà míì. Ètò tuntun yìí ló wá dí ọ̀nà míì pa, ó ní dandan, ọ̀dọ̀ ọmọ nìkan ni yóò máa gbà.

"Kọ̀ǹpútà yìí ń kan ilẹ̀kùn ọmọ yín, Màmá, kò sẹ́ni tó ṣí i fún un. Láti ọjọ́ tí ètò tuntun ti wọlé ló ti ń kàn án, kò sinmi rárá. Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín kó tan tiẹ̀. Bí ò bá ráyè, kí n kúkú yọ ọ̀nà yẹn kúrò, kó yé dà yín láàmú."

Ìyá Bọ́tìnì ń yí bọ́tìnì kan láàárín ìka rẹ̀. "Ọmọ mi ti kú," ó wí.

Ìyá Wáyà ṣe bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ó wá ibì kan jókòó sí láàárín ṣòkòtò àwọn oníbàárà. Ó ní kí Màmá jọ̀ọ́, òun kò mọ̀, òun ì bá má sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá Bọ́tìnì ní kò sí nǹkan. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá ọ̀nà náà á ṣì wà tí wọ́n bá yọ ọ́. Ìyá Wáyà mi orí, ó ní bí wọ́n bá ti yọ ọ́, ó ti tán nìyẹn, kò sí bí òun ṣe lè dá a padà.

"Má yọ ọ́."

Ìyá Wáyà kò jiyàn. Ó bọ bàtà, ó lọ.

Ẹ má tètè dá obìnrin náà lẹ́jọ́ o. Gbogbo ohun tó jẹ́ ti ọmọ rẹ̀, òkèèrè ló wà, aṣọ rẹ̀, bàtà rẹ̀, ibi tí wọ́n sin ín sí. Ọ̀nà tí kò ṣeé fojú rí yẹn nìkan ló kù lọ́wọ́ ìyá. Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Wáyà sọ kò sì kúrò létí rẹ̀. Kíkàn tí kọ̀ǹpútà ń kan ilẹ̀kùn yẹn, òun náà ń kàn án láràárọ̀ kí ó tó dìde lórí ibùsùn. Bí wọ́n bá wá dá kọ̀ǹpútà dúró, òun nìkan ni yóò kù nídìí ilẹ̀kùn.

Lọ́sàn-án Sátidé, fóònù dún. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló pè. Ó béèrè bóyá kọ̀ǹpútà ti dára. Ìyá Bọ́tìnì purọ́ pé wọn kò tíì rí ìdí rẹ̀. Ìyàwó ní wàhálà ti dé nìyẹn, eyín kan ti bọ́ lẹ́nu ọmọ láàárọ̀, ó sì ní Màmá àgbà ló máa kọ́kọ́ rí àlàfo rẹ̀. Ó ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láti ìgbà náà, ó pa ẹnu dé, kò jẹun. Ó gbé fóònù fún un.

Ọmọ rọra sọ̀rọ̀. "Màmá àgbà, wọ́n ní Dádì ń gbọ́ mi, àmọ́ mi ò lè rí i. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni tiyín báyìí?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyá Bọ́tìnì lára ju ìkéde ikú fúnra rẹ̀ lọ, torí pé ẹni tó sọ ọ́ kò sunkún, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

"Rárá, ọkọ mi. Èmi ò lọ síbì kankan. Wàá rí mi. Má kúrò níbẹ̀."

Ó jáde láìwé gèlè, ó gba òpópónà lọ pẹ̀lú ìka tó ṣì wọ idẹ tí kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ gún un. Ìyá Wáyà rí i lókèèrè, ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìbéèrè nǹkan kan, ó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí wọ́n dé ilé, Ìyá Wáyà wá ibi tí ọ̀nà náà wà nínú kọ̀ǹpútà jáde, ó gbé ọfà lé e, ó béèrè bóyá Màmá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn. Ìyá Bọ́tìnì fi ọwọ́ lé máòsì. Ó tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà, tí kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, tún béèrè bóyá ó dá a lójú. Ìyá Wáyà kà á sí i létí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Omijé ti bo ojú ìyá náà.

"Ó dìgbóṣe, ọmọ mi," ó wí, ó sì tún tẹ̀ ẹ́.

Kò pẹ́ tí ojú ọmọbìnrin náà fi yọ, bèbí wà lábẹ́ apá rẹ̀. Nígbà tó rí Màmá àgbà, ó la ẹnu sílẹ̀ gbàgà, àlàfo eyín sì hàn kedere. Ìyá Bọ́tìnì ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń yìn ín pé àlàfo náà rẹwà. Ọfà wá lọ dúró sórí imú ọmọ. Kó má baà dí Màmá lójú, Ìyá Wáyà na ọwọ́, ó fa máòsì wálẹ̀. Ọfà já láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó sì wà níbẹ̀.

Ìyá Bọ́tìnì rí i. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó jókòó jẹ́ẹ́.

"Dìde, ọmọ mi," ó wí.

Ọmọbìnrin náà rò pé òun ló ń bá wí. Ó dìde lórí àga, ó nàró, débi pé orí rẹ̀ kò hàn mọ́, ó ku bèbí àti aṣọ rẹ̀ tó ní bọ́tìnì pupa.

"Mo ti dìde, Màmá àgbà."

Ìyá Bọ́tìnì wo ọmọ tó dìde, ó wo ọfà tí kò kúrò nílẹ̀. "Wàá dàgbà," ó wí. Ó gbìyànjú láti sọ èyí tó kù, ohùn rẹ̀ kò jáde. Ọmọ ṣì dúró lọ́hùn-ún, ó ń retí kó parí rẹ̀.