Ọjọ́ Tí Àwọn Ará Ìgèdè Mí Sí Ẹ̀rọ Mi

Kì í ṣe pé ìyá mi kórìíra iṣẹ́ mi. Ohun tó kàn ń yọ ọ́ lẹ́nu ni bí yóò ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wa ní Òkè-Ìlá. Ohun tó fẹ́ tẹ́lẹ̀ ni kí n di apòògùn, kí n ṣí ṣọ́ọ̀bù síwájú ilé wa, kí òun máa jókòó síbẹ̀ kí òun máa kí àwọn oníbàárà. Nígbà tí mo ti òkè òkun dé pẹ̀lú oyè ọ̀mọ̀wé, tí mo sọ fún un pé afẹ́fẹ́ ni mo ń yẹ̀ wò, ó béèrè bóyá ara afẹ́fẹ́ kò yá ni.

Mo ní a lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ kan wà tí à ń pè ní kábọ́ọ̀nù. Òun ni à ń mí síta, òun náà ni mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀ ń tú jáde bí wọ́n bá ń jó epo. Ó ti pọ̀ jù lójú sánmà, ó bo ayé bíi kúbùsù, ìdí nìyẹn tí ooru fi ń pọ̀ sí i tí òjò kò sì mọ àsìkò rẹ̀ mọ́. Ìyá mi gbọ́ ọ délẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, àgbà ìjọ kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní ẹ̀rọ amúlétutù òun kò mú ilé tutù mọ́, ìyá mi sì ti ní iṣẹ́ tí mo lọ kọ́ nìyẹn.

Mo lọ wò ó. Ìdọ̀tí ló dí i. Mo fọ̀ ọ́, ó ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́ pátápátá, nítorí kò sẹ́ni tó tún gbà pé iṣẹ́ mìíràn ni mo ń ṣe.

Iṣẹ́ mi gan-an ni pé mo ní ẹ̀rọ méjì tó ń wọn afẹ́fẹ́ tọ̀sántòru. Ọ̀kan wà lórí òrùlé ilé alájà méjì kan lápá Fájuyì láàrin ìgboro, níbi tí èéfín takisí àti kẹ̀kẹ́ ti ń gòkè wá bá a. Ìkejì wà ní Ìgèdè, ìlú kékeré kan lẹ́yìn ìgboro, níbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́ díẹ̀, torí ẹni tó bá fẹ́ mọ bí aṣọ kan ṣe dọ̀tí tó, àfi kó gbé èyí tó mọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, tó ń dáko ẹ̀gẹ́ báyìí, ló fún mi ní igun kan lẹ́yìn ilé rẹ̀. Mo kọ́ yàrá kékeré onípáànù síbẹ̀, mo gbé ẹ̀rọ sínú rẹ̀, mo to sólà sórí rẹ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ̀rọ ń gbà fa afẹ́fẹ́ yọ jáde lára ògiri, mo so ó mọ́ ọparun, ẹnu rẹ̀ ga tó ènìyàn. Ó yẹ kó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọparun tí mo rí nìyẹn.

Bàbá fi ohùn kíláàsì sọ fún gbogbo àdúgbò pé Dókítà ni mí. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti dé, wọn a gbé eékún wá, wọn a gbé ẹ̀jẹ̀ ríru wá. Mo sọ fún obìnrin kan pé èmi kọ́ ni irú dókítà bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ni mo ń wò. Ó ní Ọlọ́run ló rán mi, afẹ́fẹ́ náà ló ń ṣe òun, inú ló wà, kì í jẹ́ kí òun sùn.

Ní ọdún kan, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, àwọn àgbẹ̀ gbin àgbàdo, òjò bá lọ. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀sẹ̀ kẹta, oòrùn nìkan. Àgbàdo hù, ó ga dé orókùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí ká ewé. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, Bàbá pè mí lórí fóònù.

“Dókítà, àwọn ènìyàn fẹ́ rí ọ. Wọn ò bínú. Ṣùgbọ́n tètè máa bọ̀.”

“Wọn ò bínú” yẹn ló já mi láyà jù. Mo wọ takisí, mo dé ibẹ̀, mo bá bí ogójì ènìyàn lábẹ́ igi máńgòrò Bàbá. Wòlíì ìjọ Aládùúrà kékeré kan wà láàrin wọn, ó wọ sùtánà funfun, kò wọ bàtà, ó sì kí mi tọ̀yàyà tọ̀yàyà. Ó ní òun rí ìran ẹnu kan tó kọjú sókè tó ń mu. Àgbẹ̀ kan ní kì í ṣe ìran nìkan: kùrukùru a máa ṣú lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, bó bá ti dé orí ilé Bàbá, a tú ká. Ó ní òun ti lọ fetí sí ara yàrá náà, òun sì gbọ́ ọ tó ń fa nǹkan mu.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé òótọ́ ló sọ. Ẹ̀rọ náà ń fa afẹ́fẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ló sì ń kùn. Mo ní ohun tó ń fà kò tó èyí tí ọmọ tó ń sùn ń fà símú. Wọ́n ní kí ló ń fi ṣe. Mo ní ó ń wo kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ni, èyí tí àwa náà ń mí síta, tí ti mọ́tò sì ń da òjò rú, bó bá wò ó tán, á tú afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀ padà. Gbogbo wọn wò mí bí ẹni tó gbọ́ irọ́ tí kò tilẹ̀ dára.

Ìyá arúgbó kan, tó dàgbà jù ní àdúgbò yẹn, tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá, jókòó sórí àga oníke níwájú. Òun ló wá sọ̀rọ̀.

“O ní àwa náà ń mí in síta. Jẹ́ n rí tèmi.”

Mo tú rọ́bà kúrò lára ọparun, mo ṣílẹ̀kùn yàrá kí wọ́n lè rí ojú ẹ̀rọ, mo gbé ẹnu rọ́bà sún mọ́ ọn. Màmá mí sí i. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí gòkè, ó ń gòkè, kò dúró.

“Ṣé ó pọ̀?”

“Ó pọ̀, Màmá.”

Ó fẹ̀yìn ti àga bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. “Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé mo fẹ́ kú.”

Ó parí. Gbogbo wọn tò. Bàbá wọlé lọ mú ìwé eléwé ọgọ́ta wá, ó fi rúlà fàlà sí i, ó ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà. Ọlọ́kadà kan pa èémí mọ́ inú kó tó dé orí ìlà, ojú rẹ̀ pọ́n, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní magomago ni. Bàbá fi bírò kan tábìlì, ó dájọ́ pé èémí ẹ̀ẹ̀kan péré fún ẹnì kan, kò sì sí pípa á mọ́ra. Wọ́n ní kó tún un mí. Ó tún un mí, kò tó ti Màmá. Kò sí ti ẹni tó tó ti Màmá.

Wòlíì ló dúró gbẹ̀yìn. Ó kọ́kọ́ gbàdúrà, ó wá fẹ́ ẹ jẹ́jẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ sì kéré jù lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó fìrẹ̀lẹ̀ ní ọjọ́ kẹta òun lẹ́nu ààwẹ̀ rèé. Ọmọ ìjọ rẹ̀ kan ní ó yẹ kí ìyẹn wà lákọsílẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe ààwẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tó ti fẹ́ ẹ ni, àmọ́ bírò ti kan ìwé. Bàbá kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀: “Ó ń gbààwẹ̀.”

Wòlíì kan náà ló wá béèrè ìbéèrè tó dára jù lọ́jọ́ yẹn. Ó ní bó bá jẹ́ pé ohun kan náà ni àwa àti mọ́tò ń tú jáde, kí ló dé tí mo fi ń dá mọ́tò lẹ́bi. Mo ní inú oúnjẹ ni tiwa ti wá, inú afẹ́fẹ́ sì ni ewé ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ti mú un, ó kàn ń lọ ó ń bọ̀ ni. Ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ ni epo mọ́tò wà tẹ́lẹ̀, kò sí nínú ìrìn náà. Àgbẹ̀ tó fetí sí ara yàrá mi ronú díẹ̀.

“Bí èèyàn bá ń pọn omi nínú kànga, tó ń dà á padà síbẹ̀, kànga ò ní kún,” ó ní. “Àfi bí ẹlòmíràn bá ń lọ gbé omi odò wá dà sí i.”

Mo ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní yunifásítì ní ẹ̀kọ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú àwòrán oríṣiríṣi, n kò sọ ọ́ báyìí rí. Kànga rẹ̀ ni mo fi ń kọ́ wọn nísinsìnyí.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, ó rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Inú mi dùn títí Bàbá fi pè mí. Ó ní ìlú ti pín sí méjì: àwọn kan ní àdúrà Wòlíì ló mú un wá, àwọn yòókù ní ẹ̀rọ mi ti yó ni, ohun tó ń wá látọjọ́ yìí náà ni wọ́n fún un. Mo bi í pé òun ńkọ́. Ó ní òun kì í dá sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìwé ni òun kọ.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá tí a jọ ń ṣiṣẹ́ náà láti òkè òkun kọ̀wé sí mi lórí kọ̀ǹpútà. Ó rí i nínú àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ ń fi ránṣẹ́ sí i pé nọ́ńbà Ìgèdè fò sókè fíofío lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ó ń béèrè bóyá igbó ló jó. Mo dá a lóhùn pé igbó kankan ò jó, àwọn ará àdúgbò ló mí sí i. Ó béèrè pé ẹni mélòó. Mo ní gbogbo wọn, àfi ẹni tó ń kọ orúkọ.

Mo rò pé ó ti tán, ṣùgbọ́n wọ́n ń bá a lọ. Wọ́n ń mú àlejò wá láti ìlú mìíràn láàárọ̀ kùtùkùtù, wọ́n ń na apá mú rọ́bà wálẹ̀, àkọsílẹ̀ mi sì kún fún èémí àwọn tí n kò mọ̀ rí. Níkẹyìn, mo ra òpó irin gígùn, mo pe wẹ́dà, a gbé ẹnu rọ́bà náà lọ sókè réré.

Màmá ránṣẹ́ pè mí lọ́jọ́ náà gan-an. Mo rò pé inú ń bí i, mo kúnlẹ̀ kí i, mo ti ń to àlàyé sẹ́nu. Ó wo òpó náà láti ojú fèrèsé rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn dáadáa.

“Ṣé ẹ gbé e sókè kí ẹlòmíràn má baà kọjá mi ni?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó fi èdè ìlú wọn ní mo ṣe é re, uṣẹ́ mi kò ní bàjẹ́, ó sì ní kí wọ́n bá mi di uṣu mẹ́ta sínú àpò.