Igbá Èso Bàbá Sàlísù

Ní Agbonou, lẹ́bàá ìlú Atakpamé nílẹ̀ Tógò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáà tí ọkọ̀ ojú irin ti ń já èrò sílẹ̀ láyé ìgbà tí Faransé ń ṣàkóso, kò sí bí wọ́n ṣe lè dárúkọ olóògbé Bàbá Sàlísù tí ẹnìkan ò ní rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ sọ ni ti ọjọ́ tí ó mu oúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ lójú ìyá rẹ̀.

Ìbíọlá ni ìyá náà, ará abúlé àwọn Ifẹ̀ ilẹ̀ Tógò kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Ọmọ méjì ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ó já wọn lẹ́nu ọmú. Àpọ̀kẹ́, tí ó ṣe ẹ̀kẹta wọn, ti lé lọ́dún kan àbọ̀; ó kọ ẹ̀kọ, ó kọ ọbẹ̀, ó sì ń rù lójoojúmọ́. Bí ìṣe àwọn ìyá nígbà náà, Ìbíọlá á tẹ́ ẹ sórí itan, á fi àtẹ́lẹwọ́ sé e lẹ́nu, á máa rọ ọ́ ní ẹ̀kọ. Ọmọ á tu ú jáde, ìyá á bú sẹ́kún. Nígbà tí ó sú u, ó gbé e wá sọ́dọ̀ Bàbá Sàlísù, tí ó ń gún èso fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́.

Bàbá gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n dáadáa mọ́ ìbẹ́pẹ, ó fún omi ọsàn díẹ̀ sí i, ó sẹ́ ẹ sínú igbá. Ìbíọlá nawọ́ kí ó gbà á, kí ó sì rọ ọmọ bí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Bàbá fa igbá sẹ́yìn.

"Ṣé ìgò ni ọmọ yìí, tí o fi fẹ́ máa rọ nǹkan sí i lẹ́nu?"

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu èso náà fúnra rẹ̀. Ó ń pọ́n ètè lá, ó ń mi orí, kò sì fún ẹnikẹ́ni. Ìbíọlá rò pé orí bàbá ti dàrú. Ó kù díẹ̀ kí igbá gbẹ nígbà tí Àpọ̀kẹ́ bínú, tí ó na ọwọ́ méjèèjì, tí ó já a gbà. Bàbá ń ráhùn bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ọmọ mu èyí tó kù tán, ó sì na igbá padà sí i pé kí ó bu òmíràn wá.

Ará Ṣakí ni bàbá, ẹní ni ó ń tà wá sí Atakpamé. Ara rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń gún èso fún, nítorí kò ní eyín kan ṣoṣo lẹ́nu. Lọ́dún kan, á ní ẹṣin ló ta òun nípàá. Lọ́dún kejì, á ní sójà Jámánì ló fi ìdí ìbọn gbá òun lẹ́nu nígbà ogun. Mùínátù ìyàwó rẹ̀ á jẹ́ kí ó sọ ọ́ dé òpin, á wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún àlejò pé àjẹjù obì ni.

Ẹnu tí kò léyín yìí náà ló fi ń mọ èyí tó yẹ ọmọdé. Bí èrìgì rẹ̀ bá kan fọ́nrán máńgòrò kan tàbí kóró ọsàn kan, gbogbo rẹ̀ á padà sínú odó. Omi tí yóò fi là á gbọ́dọ̀ ti hó, kí ó sì ti tutù. Kì í fi ṣúgà sí i, bí ìyá ọmọ tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní ọmọ tí ó bá mọ ṣúgà lónìí, yóò máa wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí ọ̀tá lọ́la.

Láwàní funfun rẹ̀ kan ni ó fi ń sẹ́ èso. Mùínátù á fọ̀ ọ́, á sè é, á sá a sóòrùn, àwọ̀ máńgòrò kò kúrò. Bàbá kò rí ohun tó burú níbẹ̀, ó sì wé e lọ sí yídì lọ́jọ́ Iléyá kan. Oyin mẹ́ta tẹ̀lé e débẹ̀. Àwọn tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi ojú kan kírun, wọ́n fi èkejì ṣọ́ láwàní.

Gérard, akọ̀wé gáà, gbà pé ohun tí kò bá sí nínú ìwé kò tíì sí láyé. Ó mú pẹ́ńsù wá, ó fẹ́ mọ iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń gún máńgòrò. Bàbá ní títí èrìgì òun kò fi ní ráhùn mọ́ ni. Gérard bínú lọ sílé, ó gún ti ọmọ tirẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó kúnná lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ gbé e mì lẹ́ẹ̀kan, fọ́nrán há a lọ́fun, ojú rẹ̀ yí padà. Gérard gbé e sáré dé ọ̀dọ̀ bàbá láìwọ bàtà. Bàbá da ọmọ dojú bolẹ̀ sórí apá, ó gbá a lẹ́yìn, fọ́nrán jáde. Nígbà tí ọkàn gbogbo wọn balẹ̀, Gérard béèrè àṣìṣe tí òun ṣe.

"O ò ṣàṣìṣe kankan, Mùsíò," ni bàbá wí. "Eyín rẹ ló pọ̀ jù."

Ẹ̀rín pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ bàbá, ṣùgbọ́n Ìbíọlá kì í bá wọn rín in tán kí omi tó dé ojú rẹ̀. Àpọ̀kẹ́ ti yè, ó ti sanra, ó ti dàgbà, ó ti lọ sílé ọkọ.

Ní ọdún tí ogun Hítílà parí, Mùínátù kú. Bàbá dùbúlẹ̀, ó kọ oúnjẹ. Àwọn ará ilé gbìyànjú, wọ́n sì wá fẹnu kò pé kí àwọn ọkùnrin méjì dì í mú, kí wọ́n rọ ọ́ ní ẹ̀kọ. Ibi tí wọ́n ti ń po ẹ̀kọ náà ni Àpọ̀kẹ́ bá wọn, ọmọ tirẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró ná.

Ó gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ, ó fún ọsàn sí i, ó fi láwàní àtijọ́ náà sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ẹní bàbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. Ó ń pọ́n ètè lá, ó ń mi orí, kò sì fún ẹnikẹ́ni. Aládùúgbò kan pòṣé pé ó ń jẹ oúnjẹ aláìsàn.

Bàbá wò ó títí. Èrìgì rẹ̀ yọ díẹ̀díẹ̀, ó di ẹ̀rín, ó sì na ọwọ́ méjèèjì. Ó mu ún, ó nu ẹnu.

"Ọsàn rẹ̀ kan díẹ̀," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n o ò rọ mí, ọmọ mi."

Ó lo oṣù méjì sí i láyé. Ojoojúmọ́ ló ń mu tirẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń ráhùn lórí ọsàn. Láwàní náà wà lọ́wọ́ Àpọ̀kẹ́. Ó ń fọ̀ ọ́ lẹ́yìn oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀, àwọ̀ máńgòrò kò sì kúrò, inú rẹ̀ sì dùn pé kò kúrò.